Àbẹ̀kẹ́, gbé àga ọmọ yẹn kúrò níwájú

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ìyá rẹ ní èlùbọ́ rẹ ti wà nílẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Àǹtí rẹ tó wá kí yín n'Íbàdàn sọ pé iwájú ọkọ̀ lo ń gbé àga Àyìnlá ọmọ rẹ sí, kí o lè máa rí ojú rẹ̀ bí o bá ń wakọ̀. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, ọkọ rẹ ní o ń sùn.

Ṣé ojú ọmọ lo fẹ́ máa wò ni àbí títì?

Airbag, àpò tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, wà nínú dashboard yẹn. Àga ọmọ ọwọ́ ń kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dashboard. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí o tó ṣẹ́jú, airbag á ti fò jáde, ẹ̀yìn àga níbi tí orí ọmọ wà gan-an ló máa gbá. Ó lè pa á. Má sọ fún mi pé tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ yín, pé airbag rẹ̀ lè ti bẹ́ kó tó wọ̀lú. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Má sì pe réwáyà kankan láti já wáyà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àkọ́bí ni, ọkàn rẹ kì í balẹ̀ bí o ò bá rí i. Itan la fi ń gbé ẹ̀yin nínú ọkọ̀, Ọlọ́run ló kó wa yọ. Itan ò lè di ọmọ mú bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Bí o bá sì pọ̀n ọ́n jókòó, ara rẹ ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí o gbé àga náà sí. Ẹ̀yìn níbo? Àárín ló dára jù, torí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn méjèèjì bí wọ́n bá gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àárín tí àga ò ti dúró ṣinṣin kò wúlò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín yọ gọngọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan sì ni irin ISOFIX tí wọ́n ń fi àga kọ́ wà. Nínú òmíràn, bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló wà láàárín, bẹ́ẹ̀ èyí tó gba èjìká ni ọ̀pọ̀ àga ń fẹ́. Ka ìwé àga àti ti ọkọ̀. Bí àárín bá kọ̀, gbé e sẹ́yìn èrò iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, kó lè jẹ́ ẹ̀bá títì lo ti máa gbé e jáde, kì í ṣe ojú ọ̀nà ọlọ́kadà.

Fi ọwọ́ tàbí orúnkún tẹ àga mọ́lẹ̀, kí o fa bẹ́líìtì le. Di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí o mì í. Bó bá yẹ̀ ju íǹṣì 1 lọ, tú u, kí o tún un dè. Òkè àga ni àwọn èèyàn ń mì. Òkè máa ń mì díẹ̀, ìyẹn ò burú. Wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, èyí tó ń fi hàn bó ṣe yẹ kó fẹ̀yìn tì tó, nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí àga bá nàró jù, orí ọmọ á ṣubú síwájú, àgbọ̀n á tẹ àyà, èémí ò ní lọ dáadáa.

Okùn èjìká tó wà lára àga gbọ́dọ̀ jáde láti ibi tó bá èjìká ọmọ dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ sí i. Bí ìka rẹ bá ṣì lè ká okùn náà pọ̀ léjìká, ó dẹ̀. Má wọ súwẹ́tà nípọn fún un. Bo aṣọ lé e lẹ́yìn tí o bá ti dè é. Kí o sì fọwọ́ kan irin ìdè okùn náà kó tó kan ara rẹ̀, oòrùn ti lè yan án.

Tọ́jú ara rẹ, ọmọ mi. Mo ti bínú tán. Bí ẹ bá ń bọ̀ fún ọdún Ọ̀ṣun, kí ọkọ rẹ wakọ̀, kí ìwọ jókòó ti ọmọ lẹ́yìn, kí ẹ dúró n'Ìkirè kó lè nara. Kì í ṣe torí dòdò nìkan. Ṣùgbọ́n lónìí, kí o tó jáde, gbé e kúrò níwájú airbag yẹn. Ya fọ́tò rẹ̀, kí ibi tí bẹ́líìtì gbà hàn dáadáa, kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.