Páálí ni kí Èkìtì kọ́kọ́ dojú kọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí bébà bá tún gbówó lórí, ohun kan náà ni àwa onítẹ̀wé l'Adó-Èkìtì máa ń sọ: kí ìjọba jí àwọn ilé-iṣẹ́ bébà Jẹ́bà, Iwopin àti Oku-Iboku dìde. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n torí rẹ̀ dá Oku-Iboku sílẹ̀ ní 1986, ọjà yẹn sì ti ń kú lọ káàkiri ayé.

Ẹ wo Fínlándì àti Indonésíà. Ní bí 50 ọdún sẹ́yìn, ta ló máa fi wọ́n wéra? Fínlándì ń ta bébà fún gbogbo Yúróòpù, Indonésíà sì ń ra láti òkè òkun. Ní 2007, bébà àti páálí tí Fínlándì ṣe lé ní mílíọ̀nù 14 tọ́ọ̀nù, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn lórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ Kaipola, tó ń ṣe bébà ìwé ìròyìn, ti ìlẹ̀kùn ní ìparí 2020. Veitsiluoto tẹ̀ lé e ní 2021. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dún báyìí kò ju nǹkan bí ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Indonésíà ní tirẹ̀ ń gòkè. Igi akéṣíà tí wọ́n gbìn ní Riau, ní erékùṣù Sumatra, ń tó gé láàárín ọdún 5 sí 6, nígbà tí igi Fínlándì lè gba 60 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń ṣe bébà àti páálí tó ju mílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Rímù A4 tó wà lórí kántà mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, Indonésíà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ńlá ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní 2015, iná tó jó ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ rú èéfín títí dé Singapore. Èyí kò yẹ ká fi ṣàwòkọ́ṣe rárá.

Ohun tó wú mi lórí ni ti ilé-iṣẹ́ bébà Oulu, ní Fínlándì kan náà. Wọ́n rí i pé bébà ìtẹ̀wé kò tà mọ́, wọ́n yí ẹ̀rọ padà, ó sì di páálí ni wọ́n ń ṣe láti 2021, nítorí ọ̀pọ̀ ọjà téèyàn bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú páálí ló ń wà. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Wọ́n gbin igi Mẹ̀láínà (Gmelina) rẹpẹtẹ sí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí Iwopin. Igi dàgbà, ilé-iṣẹ́ ò gbérí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti di pákó. Ní Èkìtì náà, mo ń rí Mẹ̀láínà ní sọ́ọ̀mìlì, ó funfun báláú bí wọ́n ṣe ń là á, kò sì sẹ́ni tó ń rò pé ó lè di bébà. Ó dùn mí wọra. Lẹ́yìn Ọjà Ọba, àwọn ọmọ kan máa ń tẹ àjákù páálí pẹlẹbẹ, wọ́n á fi okùn dì í gírígírí, ọkọ̀ á kó o lọ sí Èkó. Nígbà tó bá yá, àwa kan náà á tún lọ ra páálí tuntun fún omi inú ike, àti kírẹ́ètì fún ẹyin.

Àjákù yẹn ni mo ní ká fi bẹ̀rẹ̀. Kò nílò kí igbó kankan kọ́kọ́ wó. Tó bá yá, ká gbin Mẹ̀láínà sí oko tí wọ́n ti pa tì, ká má fọwọ́ kan igbó Ìsẹ̀, níbi tí àwọn ìnàkí tó ṣẹ́ kù sí wa wà.

Mo ń bẹ kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó igbó: kí ìjọba tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kankan lórí igi wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà Mẹ̀láínà tó kù ní Èkìtì, kí ẹ sì gbé iye rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo wa rí i.

Èmi ni tiyín,
Onítẹ̀wé kan,
Adó-Èkìtì.