Sí Àjàní, tí kì í gbowó lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé yẹn ní Agbára. Àbúrò rẹ ti sọ fún mi pé ibà ti ń ṣe ọ láti ọjọ́ mélòó kan, pé o ń lo oògùn ara ríro nírọ̀lẹ́, o sì ń lọ síbi iṣẹ́ òru, nítorí pé ẹni tí wọn kò bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lálẹ́ kò ní gba owó ọjọ́ náà. Má bá a jà pé ó sọ fún mi. N kò kọ lẹ́tà yìí láti bá ọ wí, nítorí mo mọ ohun tí ó fà á, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe oríkunkun. Ẹni tí ó ń gba owó lóòjọ́, tí onílé ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó tún ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù, yóò máa rò pé òun kò lówó àìsàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé ọ ni pé àìsàn tí o bá gbé lọ síbi iṣẹ́ ni ó ń gbówó lórí jù, nítorí ọjọ́ méjì tí o ń sá fún lónìí lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹní.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Lọ ṣe àyẹ̀wò kí o tó ra oògùn. Ẹ̀jẹ̀ kín-ń-kín láti orí ìka ni wọn yóò gbà, èsì rẹ̀ yóò sì jáde láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá rí kòkòrò ibà níbẹ̀, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni, èyí tí wọ́n ń pè ní artemether-lumefantrine. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àgbàlagbà ń lò ó: ẹ̀ẹ̀kìíní lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méjì tí ó kù. Jẹun kí o tó lò ó, kí epo tàbí òróró díẹ̀ sì wà nínú oúnjẹ náà, nítorí oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹni tí kò jẹ ọ̀rá kankan. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́ ti máa ń kọsẹ̀ ni ọjọ́ kejì. Ara á ti fúyẹ́, òógùn á ti bo ara, wọ́n á ká ìyókù oògùn mọ́lẹ̀ de ìgbà mìíràn, wọ́n á sì gba ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ lọ. Ara lè fúyẹ́ kí kòkòrò ibà ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń rí padà ní wọ́ọ̀dù kí oṣù tó parí.

Nípa àwọn oògùn tí wọ́n ń dà pọ̀ sínú náílọ́ọ̀nù fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, mo bẹ̀ ọ́, jáwọ́ níbẹ̀. O kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń dà á pọ̀ pàápàá lè má mọ ohun tí ọ̀kan ń ṣe sí èkejì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá, n kò sì ní bú Alabukun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n oògùn ara ríro ni, kì í pa kòkòrò ibà, inú tí ó ṣófo tàbí tí ó ní egbò kì í sì í gbà á. Parasitámọ́ọ̀lù náà ní ààlà: oníwọ̀n mílígíráàmù 500 kò gbọdọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín ọ̀sán kan òru kan. Ní ti tramadol, oògùn ìrora líle tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìwọ mọ àwọn tí ó ti sọ dìdàkudà ju èmi lọ, n kò ní sọ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí wọ́n ń fà síni lára ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: ẹni tí ó lè mu omi ní ẹnu rẹ̀ tí kò sì bì í, owó ni ó ń sọnù sórí rẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o ń bì ohun gbogbo tí o bá jẹ, tí ìtọ̀ rẹ dúdú bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí funfun ojú rẹ di àwọ̀ ìyeyè bí pupa inú ẹyin adìẹ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lóru náà. Sọ fún wọn ṣáájú, nítorí pé ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú kì í mọ̀ pé ó ń dàrú.

Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí ju ibà lọ ni ẹ̀rọ tí o ń dúró tì. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò sùn, tí ó gbé oògùn ìrora mì, ọwọ́ rẹ̀ kì í yára tó. Ìka tí ẹ̀rọ bá gé kì í hù. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ọ níbi iṣẹ́ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀), mọ̀ pé òfin kan wà láti ọdún 2010 tí ó sọ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ni ó sì ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó ń dá owó náà, ohun tí ó ń dá sì jẹ́ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún òṣìṣẹ́. Òfin náà ka kásúà, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mọ́ òṣìṣẹ́. Láàárín ọjọ́ 14 tí o bá farapa ni o gbọ́dọ̀ ti fi tó agbanisíṣẹ́ rẹ létí. Ṣe é ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Òfin mìíràn tún wà tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 16, sọ pé kí wọ́n sanwó fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, ó pẹ́ tán títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan, bí dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí àìsàn náà. Abala 7 sì ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n kọ ètò owó àìsàn sínú rẹ̀. O ti lé ní ọdún kan níbẹ̀, wọn kò sì fún ọ ní ìwé kankan. Kọ́ńtírákítọ̀ tí ó mú yín wọlé ń pè yín ní kásúà, bí ẹni pé orúkọ yẹn ti yọ yín kúrò lábẹ́ òfin. Mo kà á sí ìwà ìrẹ́jẹ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́yìn tí mo bí àbúrò rẹ, owó oṣù mi wọlé ní gbogbo ìgbà tí mo fi dùbúlẹ̀, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí a mọ òfin yàtọ̀ sí kí òfin dé ọ̀dọ̀ ẹni. Má ṣe dá lọ bá ọ̀gá pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí ibà ṣì wà lára rẹ. Wọn yóò kàn sọ pé kí o má wá mọ́ lọ́la ni. Ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ẹ pọ̀ níbẹ̀ tí ẹ kì í gbowó lọ́jọ́ tí ara yín kò bá yá. Nígbà tí o bá gbádùn, ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ jọ béèrè ìwé àdéhùn, kí ẹ má sì fi ẹnì kan ṣe aṣíwájú tí wọn yóò fi rí ẹni yọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ wà ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, èmi yóò sì bá yín débẹ̀. Títí di ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ tí o kò bá lè lọ, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín kí aago iṣẹ́ tó lù, kí o sì gba ìwé dókítà pamọ́. Ẹni tí ó bá sọ ṣáájú ni wọ́n sábà máa ń tún pè.

Kí o sì wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa gba iṣẹ́ fún ara yín. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń dáko mọ àáró. Bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ro oko rẹ̀, òun náà á sì san án padà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lè gba òru rẹ lónìí, kí ìwọ gba ọ̀sán rẹ̀ nígbà tí ara bá yá, bí ọ̀gá yín bá fọwọ́ sí i. Kí ẹ ti sọ ọ́ papọ̀ kí àìsàn tó dé, nítorí kò rọrùn láti bẹ ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Bàbá rẹ tí ó jẹ́ káfíńtà kò ní owó ìsinmi àìsàn kankan ní gbogbo ayé rẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ kán, àjọ tí ó ń dá lọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi jẹun, kì í ṣe owó oṣù mi nìkan. Èyí tí ó fi dára ni pé kò jẹ́ kí a fi kan ilé, kò sì jẹ́ kí a fi ra aṣọ ọdún. Ìwọ náà ń gba ₦4,000 lóòjọ́. Bí o bá ń dá ₦300 fún alájọ lójoojúmọ́, ní oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ yóò di ₦9,000. Alájọ yóò mú ₦300 tirẹ̀, ₦8,700 yóò kù. Ní oṣù mẹ́fà, ₦52,200 ni, èyí tí ó jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ 13. Mo mọ̀ pé ₦300 kò kéré lára ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, dá ₦150, ṣùgbọ́n má dáwọ́ dúró. Èsúsú tí ẹ ń dá níbi iṣẹ́ náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́: bẹ olórí yín kí ó jẹ́ kí o kó tìrẹ ṣáájú, kí ẹni tí ó kàn dúró dè ọ́.

Má yá owó lórí fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù yẹn, bí ó bá di ọjọ́ tí o kò lè san, àwọn kan nínú wọn á máa ránṣẹ́ àbùkù sí àwọn nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ, títí kan ọ̀gá rẹ. Má sì lọ sọ́dọ̀ onísọ́gúndógójì. Bá onílé sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ owó ilé tó pé, kí ó má jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ètò adójútòfò ìlera. Ó ń san owó ìtọ́jú, kì í san owó ojúmọ́ tí o pàdánù, síbẹ̀ ìdajì ẹrù ni ó gbé kúrò. A ó jọ wo bí o ṣe lè forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù yìí, má fi owó kankan ránṣẹ́ sí mi. Owó ìfẹ̀yìntì mi máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dé.

Àbúrò rẹ tún sọ nípa ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, tí ikọ́ rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òun náà kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́. Rọra bá a sọ̀rọ̀ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oṣù mẹ́fà náà ni ènìyàn fi ń jókòó sílé, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó bá ti ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kì í sábà ran ẹlòmíràn mọ́. Títí yóò fi lọ, ẹ ṣí fèrèsé yàrá yín sílẹ̀ lóru. Ẹ̀fọn yóò wọlé, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àwọ̀n ẹ̀fọn méjì lé àbúrò rẹ lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọ̀bẹ̀ wà nínú kúlà, owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sì wà nínú àpò ìwé yìí. Kì í ṣe àwìn. Lọ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́la, kí o ya èsì rẹ̀ ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra oògùn kankan, kí o sì pe ọ̀gá yín kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abẹ́òkúta