Màlúù jẹ oko nínú igbó ọba: ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Látìgbà tí Èkìtì ti ṣòfin ìjẹko màlúù lọ́dún 2016, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà sì ń ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló gbà pé bí màlúù bá ti wọ oko, owó gbà-mábínú ti délé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pàápàá bí oko ọ̀hún bá wà nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀.

Ohun tí agbẹjọ́rò ẹni tó ni màlúù máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló fún yín nílẹ̀. Bí ẹ kò bá níwèé àṣẹ ìjọba láti dáko níbẹ̀, ẹ̀yin náà ti ṣẹ̀ sófin kí màlúù tó dé. Ó dùn mí pé ibí yìí ni ẹjọ́ ń bàjẹ́ sí. Ẹ wo ìwé tí darandaran náà ní lọ́wọ́ dáadáa, torí ó lè ní àṣẹ tirẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti fún èèyàn nílẹ̀ ìjẹko tó hẹ́kítà 5,000 láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ti iṣẹ́ oko kò ju 500 lọ. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìlú ńlá nìyẹn o. Òfin ilẹ̀ ìjẹko ọdún 1965 tí àwọn darandaran máa ń dárúkọ ní tirẹ̀, Àríwá ni wọ́n ṣe é fún.

Ọjọ́ tí ẹran bá wọlé gan-an ni kí ẹ kó ẹ̀rí jọ, kójò tó pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́. Ẹ fi àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa pátákò kí ẹ tó yà á ní fọ́tò, kí adájọ́ lè rí bó ṣe tóbi tó. Ẹ ka ebè tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; “gbogbo oko ló bàjẹ́” kò ṣeé ṣírò ní kóòtù. Ẹ ya àmì ara màlúù náà pẹ̀lú, torí bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ẹran, ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ mú òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lójú ẹsẹ̀, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jẹ ewé rẹ̀ lè tún rú, ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ á sì fìyẹn gé owó yín kù. Èyí tí wọ́n tẹ iṣu rẹ̀ fọ́ nínú ilẹ̀ á ti jẹrà nígbà náà, ẹ hú u kí wọ́n rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣá màlúù kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣá a ni olùpẹ̀jọ́ di ọ̀daràn.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó igbó sì ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ káàkiri igbó ọba, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, àgbẹ̀ àti darandaran kì í lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀.