Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù Oslo

Bọ̀ọ̀dá mi,

Palle Danielsson, oníbéèsì ará Sweden yẹn, ti lọ o. Ní 18 oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 77. Abercrombie onígìtá lọ ní 2017, Jon Christensen onílù ní 2020. Nínú àwọn mẹ́rin tó ṣe The Plot, rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, ó ku Enrico Rava onífèrè nìkan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún. Mo ti mú fóònù dání kí n tó rántí.

Mo lu The Plot lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ náà ló rí: ará Ítálì kan tó fẹ́ kọrin, ará Sweden àti ará Norway tí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún un, ará Amẹ́ríkà onígìtá láàárín wọn. Rava a fa ohùn fèrè gùn bí ẹni tó ń pe olólùfẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Béèsì Danielsson a dá a lóhùn nísàlẹ̀. Christensen kì í lu ìlù bí aago. A fọwọ́ ra aro, a sì dákẹ́. Ẹ ní òtútù Oslo lẹ̀ ń gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Oṣù Kẹjọ 1976, ìgbà oòrùn wọn, ni wọ́n gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ èmi náà ń gbọ́ òtútù ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí fóònù dún ní Peckham, ní London, ńkọ́? Ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí orin, fèrè ò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ tẹ́tí, ẹ ní, "Ó dáa." Ẹ wá yíjú sí mi: "Ṣó o ti jẹun?"

Bàbá ti kú n'Íjẹ̀bú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ò sọ fún mi, torí ìdánwò mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ìrẹsì, mo ń bá yín ṣeré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé a ti di ọmọ òrukàn. Àwọn ààfáà ti sin ín kí n tó sunkún. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi gbé e pamọ́? Ẹ ò sì lu orin yẹn parí níṣojú mi mọ́ títí ẹ fi lọ.

Ìwé ilé ìwòsàn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí, Bọ̀ọ̀dá mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí n wá ṣe. Ọmọ mi ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lánàá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó wọlé, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ṣó o ti jẹun?"

Àbúrò yín