Ẹ mú abẹ́rẹ́ schizophrenia dé àdúgbò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn tí ẹ kọ lórí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, àmọ́ ẹ fo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dá. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ fluphenazine decanoate, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé n'Íbàdàn, kì í ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH nìkan. Ìdí ni pé bí ara aláìsàn bá ti yá díẹ̀, á pa oògùn oníhóró tì. Àìsàn á padà, ará ilé á ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de èèyàn mọ́lẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an! Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ yìí lè mú kí iṣan le tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ náà, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì gbà kí wọ́n tó gún un.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.