Owó Ẹgbẹ́ Alájẹsẹ́kù

Ondangwa, Nàmíbíà
14 Oṣù Keje, 1991

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ara mi le. Lẹ́tà tí Táyọ̀ bá yín kọ ní oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ má rò pé mo kà á tán ni mo wá dákẹ́.

Táyọ̀, rọra kà á. Má sì fo ọ̀rọ̀ kankan.

Mo mọ̀ pé 1,200 náírà ni mo jẹ ẹgbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dúró fún mi, mo sì mọ̀ pé oṣù Karùn-ún ló yẹ kí n ti san án tán. Ẹni tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ níbí, ará Ọ̀yẹ́ ni. Tó bá ti ṣẹ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó, 700 náírà ni kó kó fún yín. Ẹ kà á níṣojú rẹ̀, kò ní bínú. 500 tó kù á dé kó tó di Kérésì. Mo ní á dé.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Ìyá Alága fi wá ń pariwo ní ìsọ̀ yín lọ́jọ́ ọjà? Ṣé mo sá lọ ni? Ta ló sọ fún wọn pé mò ń kó dọ́là? Owó oúnjẹ ni ìjọba wa tó rán wa wá ṣe tíṣà níbí ń fún wa, Màmá, kì í ṣe owó oṣù.

Ẹ ní Àǹtí ń béèrè bóyá kò sí ọmọ tó nílò tíṣà ní Ìjerò tí mo fi wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé wọ́n ti gbàgbé 1976 ni, tí ìjọba wa ń dá owó fún àwọn tó ń jà fún òmìnira níhà gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù Bàbá? Bàbá ráhùn títí, wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èmi ti wá mọ̀ ọ́n.

21 oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni wọ́n gba òmìnira. Èdè Afrikaans ni wọ́n fi kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ìjọba tuntun wá ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tíṣà gan-an ò gbọ́ ọ. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó tó bí mi lọ́mọ, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ọdún méjì jù mí lọ. Àǹgólà ló ti ṣàtìpó dàgbà, 1989 ló padà wálé. “Tíṣà” ló ń pè mí, ojú a sì máa tì mí. Ṣé kí n di ẹrù kúrò lọ́dọ̀ irú wọn nítorí ariwo Ìyá Alága?

Mò ń jẹun. Òkèlè jéró ni. N ò tíì fojú kan iyán, kò sì sí òkè kan ṣoṣo tí ọmọ Èkìtì lè fojú sí, iyanrìn lọ súà.

Táyọ̀, ìwọ nìkan ni kó o ka ibí yìí. Owó náà pé lọ́wọ́ mi ní oṣù Karùn-ún. Mo fi díẹ̀ ra kóòtù, òtútù òru ibí kì í ṣe ọyẹ́ tiwa. Ìyẹn ò burú. Rédíò onikásẹ́ẹ̀tì ni n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé. Mo lè lo oṣù méjì kí n tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ló dé tó o dákẹ́, sọ pé ìwé mi ni ò já gaara.

Màmá, orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ lọ sí ọsibítù, àbí Táyọ̀ kàn ní kẹ́ ẹ fi òróró pa á? Ara mi le, mo ti wí. Tẹ́ ẹ bá san 700 yẹn, ẹ gba rìsíìtì. Orúkọ yín ni kí wọ́n kọ sí i.

Ọmọ yín,
Fúnkẹ́