Lẹ́tà sí Àkànbí: Ẹgbẹ́ tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú irin

Toledo, Ohio

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ara Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti ń rọlẹ̀. Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn pátápátá.

O bi mí pé irú eré wo ni bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ará ibí ń kú lé lórí yìí, àti pé ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ ń gbá a. Ti eré fúnra rẹ̀ kò le: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì mẹ́rin, ìyẹn ibi mẹ́rin tí wọ́n sàmì sí lórí pápá, ká. Ìbéèrè kejì yẹn ló gbà mí lọ́kàn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Page Fence Giants. Ìlú Adrian ni wọ́n ti wá, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi níbí. Láti 1895 dé 1898 péré ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Dúdú ni gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀.

Bud Fowler ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ. John Jackson ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. 1858 ni wọ́n bí i, Cooperstown ní ìpínlẹ̀ New York ló sì gbé dàgbà. Láti 1878 ló ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù gbowó láàárín àwọn òyìnbó, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń jẹun nígbà tí wọ́n bá lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n sì ń lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n gbá ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ́dún 1887, àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ló kọ̀ láti bá a gbá. Oṣù Keje ọdún yẹn náà ni àwọn alákòóso líìgì tí wọ́n ń pè ní International League dìbò pé kò gbọdọ̀ sí ìwé àdéhùn tuntun fún aláwọ̀ dúdú mọ́. Béèsì kejì ni Fowler máa ń ṣọ́. Bàtà eré wọn ní irin nídìí, àwọn tó bá ń sáré bọ̀ á sì mọ̀ọ́mọ̀ fi gún un lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í de pátákó mọ́ ojúgun.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ń tì báyìí, òun àti Grant Johnson pinnu pé àwọn á dá ẹgbẹ́ tàwọn sílẹ̀. Johnson yìí gbá bọ́ọ̀lù jìnnà débi pé Home Run ni wọ́n ń pè é, ìyẹn gbígbá tó jìnnà tó kí ẹni tó gbá a sáré yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Owó ni kò sí, Adrian ni wọ́n sì ti rí i. Ilé-iṣẹ́ Page, tó ń hun wáyà tí àgbẹ̀ fi ń ṣọgbà yí oko àti ẹran ọ̀sìn ká, gbà láti ná owó lé wọn lórí. Ilé-iṣẹ́ Monarch, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere, fi tirẹ̀ kún un. Wọ́n fi òyìnbó kan, Gus Parsons, ṣe máníjà. Ìpolówó ọjà ni àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ń wá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìrìn-àjò wọn ló wú mi lórí jù. Kọ́ọ̀ṣì tara wọn ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní gígùn, tí ibùsùn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀, pẹ̀lú kúùkù àti ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó bá ń lọ sí ìlú tí wọ́n fẹ́ gbá sí ni wọ́n á so ó mọ́. Bí wọ́n bá débẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n á sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti jẹun. Ẹni tó bá rí wọn lókèèrè lè rò pé ọlọ́lá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlú pọ̀ nígbà náà tí òtẹ́ẹ̀lì ò ní gba dúdú sílé, tí ilé oúnjẹ ò ní ta oúnjẹ fún un. Bí àkókò eré bá ń súnmọ́, wọ́n á wọ aṣọ eré, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ Monarch, wọ́n á tò gba àárín ìlú kọjá kí èrò lè tẹ̀ lé wọn dé pápá. Mo máa ń fojú inú wò ó, Àkànbí: àwọn ọkùnrin dúdú lórí kẹ̀kẹ́ tuntun, nínú aṣọ tó gún régé, nílùú tí wọn ò ní rí ibi tí wọ́n á ti ra oúnjẹ alẹ́.

Ní oṣù Kẹrin 1895, wọ́n kojú Cincinnati Reds, ẹgbẹ́ òyìnbó tó wà nínú líìgì tó ga jù. Wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, 11 sí 7 àti 16 sí 2. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti jáwé olúborí nínú eré 118, wọ́n pàdánù 36, méjì parí sí ọ̀mì. Lọ́dún 1896, wọ́n bá Cuban X-Giants figẹ̀ wọngẹ̀ nínú eré 15, wọ́n sì borí nínú 10. (Orúkọ nìkan ni ti Cuba yẹn o, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n.) Ìròyìn ọdún 1897 tiẹ̀ ní eré 12 péré ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì borí nínú 125.

Adrian yìí kan náà ní ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì kékeré ti Michigan ní 1895, òyìnbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Fowler lọ bá wọn gbá, bẹ́ẹ̀ náà ni George Wilson tó ń ju bọ́ọ̀lù, àti Vasco Graham tó ń mú un. Honus Wagner, ọmọ ọdún 21, náà gbá fún wọn fúngbà díẹ̀ lọ́dún náà. Òyìnbó ni Wagner, kò sì pẹ́ tó fi di ìràwọ̀: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan àwọn márùn-ún sínú gbọ̀ngàn ọlá bésíbọ́ọ̀lù ní 1936, ó wà lára wọn. Fowler kọjá sí ẹgbẹ́ Lansing nínú líìgì kan náà lọ́dún yẹn, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí líìgì òyìnbó kankan tó tún gbà á mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ìlú kan náà, ẹgbẹ́ kan náà!

Lẹ́yìn 1898, ẹgbẹ́ Page Fence Giants tú ká. Ìwọ náà rántí Leventis United tiwa n'Ìbàdàn, tí wọ́n gba líìgì ní 1984 àti 1986, tí kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi tú wọn ká. Púpọ̀ nínú àwọn Giants kó lọ sí Chicago lọ́dún 1899, wọ́n di Columbia Giants. Ọ̀kan nínú wọn ni Charlie Grant. Ní 1901, ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hot Springs, ní Arkansas, nígbà tí John McGraw tó ń darí ẹgbẹ́ Baltimore rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. McGraw ní kí ó pe ara rẹ̀ ní Tokohama, ọmọ ẹ̀yà Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè gbà á wọlé. Àṣírí tú, Grant ò sì gbá eré kan ṣoṣo fún Baltimore. Ọdún 1947 ni Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, tó gba ẹnu ọ̀nà líìgì ńlá òyìnbó yẹn wọlé.

Ní ti Fowler, 1913 ló kú ní Frankfort, ní ìpínlẹ̀ New York. Kò sí òkúta orúkọ lórí sàréè rẹ̀ títí di 1987, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ìtàn bésíbọ́ọ̀lù fi ọ̀kan síbẹ̀. Cooperstown tó gbé dàgbà gan-an ni gbọ̀ngàn ọlá náà wà. Ní 2013 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kan níbẹ̀, 2022 ni wọ́n sì tó gbà á sínú gbọ̀ngàn. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n inú tún bí mi. Ọdún 109 lẹ́yìn ikú ti pẹ́ jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí fún Bọ́lá, torí ó ní ìtàn lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Mo fi fọ́tò ẹgbẹ́ náà sínú rẹ̀. Bí ó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ sí mi fúnra rẹ̀, n ó dá a lóhùn. Bá mi kí gbogbo àwọn ará àdúgbò, kí o sì sọ fún Màmá pé oògùn orúnkún tí wọ́n ní kí n rà ti wà lọ́nà.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní